Ìyá Tí Kò Ríbi Gbé Ṣíbí Ọbẹ̀ Sí

Ọkùnrin kan wà tí ó ń lẹ táìsì sílé onílé. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ gan-an. Bí ó bá lẹ ilẹ̀ pálọ̀ kan tán, o lè yí ẹyin adìẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri kejì, kò ní kọsẹ̀ níbì kan. Ilé àwọn ẹlòmíràn ló ti ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run sì wá gbà fún un tí ó kọ́ tirẹ̀, ó fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìdáná ló ṣe kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló sì ṣe dáadáa jù.

Fi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sílẹ̀ ná. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. O mú un kúrò ní abúlé, o fún un ní yàrá, o ń tọ́jú rẹ̀, òun sì ní àfi kí òun padà, ni o bá ní aláìmoore ni. Mo gbọ́, mi ò dití. Fa àga rẹ súnmọ́ mi, kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí, torí pé ìyá tirẹ̀ náà di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń padà.

Ìyá ọkùnrin yìí ń dá gbé ní abúlé. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ti tú ká, àwọn aládùúgbò ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún ń dà á láàmú. Òjò ń wọlé bá a lórí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ ń sùn sí yàrá tí òrùlé rẹ̀ kò jò, àmọ́ bí ìró òjò bá ti ta sí i létí báyìí, ọkàn rẹ̀ a fò lọ sí abúlé. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó mọ òwe náà, ó sì fẹ́ kí ìyá òun mu ọmú òun kí ó yó.

Ohun mìíràn sì wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àárò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ọbẹ̀ ìṣápá ni, ìṣápá tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fọ̀ títí kíkan rẹ̀ fi ṣẹ́kù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ẹ̀gúsí àti irú àti ẹja gbígbẹ sè. Ó ti jẹ ìṣápá nílé oúnjẹ, ó ti jẹ ti ìyàwó rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kíkan ti ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń fi ẹnu rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ títí omi á fi gba ẹnu gbogbo wọn. "Ẹ jẹ́ kí ìyá mi wá sílé ná," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "ẹ ó mọ̀ pé ọbẹ̀ ni ẹ kò tíì jẹ rí."

Ìyá wá. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, ó fẹ́ kó àwọn ìkòkò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nílé, tuntun ni wọ́n." Ó fẹ́ mú àpótí tó ń jókòó lé dáná, ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lóṣòó tì. Ìnàró ni wọ́n ń dúró sè é." Ìyá kò bá a jiyàn. Ṣíbí onígi tí ó fi ń ro ọbẹ̀ nìkan ló fi gèlè wé, tí ó kì bọ inú àpò rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o fi ojú inú wo ilé ìdáná tí wọ́n mú un dé. Ohun gbogbo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà nínú ògiri. Táìsì láti ilẹ̀ dé àjà. Pèpéle tó yí ògiri ká ń dán débi pé o lè wo ojú rẹ nínú rẹ̀ gẹ irùngbọ̀n. Ọkùnrin náà ti sọ ọ́ di òfin pé ilé ìdáná tó dáa ni èyí tí ènìyàn wọ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti dáná níbẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, òun náà sì ń pa òfin yìí mọ́. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Àkísà ìnuǹkan kì í kúrò léjìká rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fi omi oògùn nu ilẹ̀ ibẹ̀, kí aáyán má baà ya ilé wọn. Má mi orí sí mi o, obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀ dénú. Aṣọ tó rán fún ìyá náà ní ọ̀sẹ̀ tó dé, èmi ì bá rí irú rẹ̀ wọ̀ kí n tó kú.

Ìyá dúró ní ìdí sítóòfù onígáàsì ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó ń se ìṣápá. Ọmọ rẹ̀ ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Inú ìyá dùn. Ta ni inú rẹ̀ kì í dùn tí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ jẹ ọbẹ̀ rẹ̀?

Ó ro ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀ kí ó lè bu iyọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní apá ọ̀tún, bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí òun náà ti jẹ́ ìyàwó. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló bá. Ọwọ́ náà rọ̀ síbẹ̀ díẹ̀, ó ń lọ síwá sẹ́yìn, epo ń kán láti etí ṣíbí. Ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Áà, ọwọ́ ìyá mi ti ń gbọ̀n." Ó dùn ún, ó sì yí ojú kúrò.

Ìyá gbé ṣíbí sórí pèpéle. Kí ó tó bu iyọ̀ tán, ìyàwó ilé ti dé, ó ti nu epo náà, ó ti gbé ṣíbí lọ sí ibi ìfọwọ́.

"Ìyàwó mi, ṣíbí mi dà?"

"Mo ti bá yín fọ̀ ọ́, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ó fi ṣíbí tó ń rùn fún ọṣẹ ro ọbẹ̀. Ó tún gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ fọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò, ṣíbí rì wọ inú ọbẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi ìka yọ ọ́, ó jó o. Ó gbé e lé orí ìdérí ìkòkò, ìdérí náà gíláàsì ni, ó yọ̀, ó já bọ́, ó fọ́ yángá. Ìyàwó ilé sáré wọlé. "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, kò sí nǹkan kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́." Ó gbálẹ̀, ó fi omi oògùn nu ibẹ̀, ó lọ da àfọ́kù gíláàsì náà nù.

Ìyá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n tún máa sáré wá. Ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń dán ju àwo ìjẹun tó fi sílẹ̀ ní abúlé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ nílẹ̀, ní apá ọ̀tún. Títí ọbẹ̀ fi jinná, ibẹ̀ ló ń gbé e sí, ibẹ̀ ló ti ń mú un.

Orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn nù! O ti mọ ohun tó kù.

Àwọn ọ̀rẹ́ jókòó. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Èkínní mu omi. Èkejì ní, "Ó… ó dáa o. Ó yàtọ̀." Ọkùnrin náà fi tirẹ̀ sẹ́nu. Òórùn ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ gbọ́ nímú. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju ojú tó tì í lọ. Ó rò pé ìyá òun ti mú ìgò ohun tí kì í ṣe epo, ó dà á sínú ọbẹ̀, kò sì mọ̀. Ó rò pé imú rẹ̀ ti kú, pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ. Ó rò ó jìnnà, bí ọmọ ti máa ń rò ó bí ìbẹ̀rù bá dé.

Kò pariwo. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì ló jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ ti dáná tó láyé yìí. Ẹ jókòó, ẹ fẹsẹ̀ nà, kí àwa náà máa sìn yín."

"Ṣé ọbẹ̀ àná kò dáa ni, Àjàgbé?"

"Ó dáa, Ìyá."

Ìyá wo ojú rẹ̀ títí. "Ó dáa," òun náà wí.

Bí àgbàlagbà bá tètè sọ pé "ó dáa," má tíì máa yọ̀. Ìyá kò wọ ilé ìdáná mọ́. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé fáànù síwájú rẹ̀, wọ́n gbé tẹlifísọ̀n sí ibi tó ti lè wò ó. Oúnjẹ ń dé bá a nídìí àga. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹnu kàn án. Ìró tó máa ń ró yíká ikùn lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bú ọmọ tó pariwo, kò béèrè ohunkóhun. Ìgbà mìíràn á jókòó báyìí, ọwọ́ méjèèjì á dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí ọwọ́ àlejò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a pẹ̀lú àpò tó ti dì.

"Mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Ilé wo, Ìyá? Ibí ni ilé."

"Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé."

"Kí la ṣe fún yín? Ta ló ṣẹ̀ yín nínú wa?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọlọ́run á dá yín lóhùn rere. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Inú ọkùnrin náà gbóná. Ó ní, ẹni bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá, kí tún ni ìyá òun ń fẹ́? Ohun tí ìwọ náà sọ nìyẹn kí o tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà lábẹ́ ìbínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìyá bá padà sí abúlé, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ bí ó bá ṣubú. Bí ó bá sì dúró, ó ń gbẹ lọ lójú òun. Ibi yòówù kí ó yà sí, ó fẹ́ pàdánù ìyá rẹ̀.

Ó rò ó, ó ní òun yóò lọ wo ilé abúlé náà fúnra òun, kí òun lè padà wá sọ fún un pé ilé tó ń pè nílé ti wó. Ó lọ ní ọjọ́ tí kò níṣẹ́. Òótọ́ ni, òrùlé ti rọ̀ ní apá kan, koríko ti gba àgbàlá. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?" bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná.

Ilé ìdáná náà ṣì dúró. Ògiri rẹ̀ dúdú fún èéfín, òórùn èéfín náà kò sì tíì lọ láti ọjọ́ yìí. Òórùn yẹn ló mú un. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ ohun tí òórùn èéfín ilé ìyá ẹni máa ń ṣe fún ènìyàn. Ààrò ń bẹ níbẹ̀, òkúta mẹ́ta. Lápá ọ̀tún ààrò, odó àtijọ́ kan wà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wà lókè, tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ó jókòó lé e.

Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n, ó ta gìrì dìde kí ìdí rẹ̀ tó kan igi náà. Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́ nínú orí rẹ̀ ketekete: "Dìde níbẹ̀! A kì í jókòó sórí odó!"

Ó bú sẹ́rìn-ín ní òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà máa ń lé gbogbo wọn, àti ọmọ rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò. Bí wọ́n bá béèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ìdí rẹ á lẹ̀ mọ́ ọn ni, a ó wá máa gbé ìwọ àti odó lọ sí ilé ìwé." Wọ́n á sá. Wọ́n á lọ jókòó sórí igi ìdáná, wọ́n á ká ẹsẹ̀ jọ, òjò á máa rọ̀ lóde, ìkòkò ìṣápá á máa hó. Áà, ìgbà yẹn! Ẹyọ ẹja kan tí wọ́n á máa fojú ṣọ́ nínú ìkòkò. Iná tí yóò máa kọ mọ̀nà lójú ìyá wọn, ìyá náà á máa sọ̀rọ̀, á máa bú ẹni tó ń ti ẹnìkejì, á máa fi èébú ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ojú ìyá wà lára wọn ní gbogbo ìgbà.

Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ọkùnrin náà dúró, ó rò ó. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ń ro ọbẹ̀, ọwọ́ náà á sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún, á gbé ṣíbí lé ìdí odó, á bu iyọ̀, á padà mú ṣíbí. Kò wo ibẹ̀ rí. Kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ rí i kí ó yíjú wo ibi tó ń gbé ṣíbí sí. Ibẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà, torí pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹsẹ̀ lé e. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìbẹ̀rù tó fi ń lé wọn lára odó, ibi kan ṣoṣo tó mọ́ nínú ilé ìdáná ló fi ń ṣọ́.

Ìgbà náà ni ó rántí ọwọ́ tó rí ní ọjọ́ Ìsinmi, tó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí epo ń kán lára ṣíbí rẹ̀. Ó ti pè é ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n rárá. Ó ń wá ibi tó mọ̀, kò rí i. Ó rántí ìdérí tó fọ́. Ó rántí bí ilẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ nù ún tán, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ni ìyá gbé ṣíbí sí, pé ibẹ̀ ni òórùn oògùn ti wọnú ọbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún, àgbà ọkùnrin. Ó ní, "Ìyá mi ò ya wèrè. Èmi ni mi ò fún un láyè."

Ó fẹ́ gbé odó náà lọ sílé. Bí ó ti fọwọ́ kàn án ni ó rí i pé ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ó ya lulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí èkuru. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́.

Ẹlòmíràn ì bá yà sọ́jà, ì bá ra odó tuntun, ì bá gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ wò ó, mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín." Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àṣìṣe àkọ́kọ́ náà ló tún ṣe. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò ló ti ń gbé fún ìyá náà láti ọjọ́ yìí. Ọlọ́run yọ ọ́. Ó délé lọ́wọ́ òfo, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ nídìí àga rẹ̀.

"Ìyá, nínú ilé ìdáná wa, níbo lẹ fẹ́ kí ṣíbí yín máa wà?"

Ìyá wo fáànù. Ọkùnrin náà fẹ́ tún un sọ, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Ṣé o ti bi ìyàwó mi?" ni ìyá sọ nígbẹ̀yìn. "Òun ló ni ilé ìdáná. Mi ò lè wá sínú ilé ìdáná obìnrin bíi tèmi kí n máa pín ilẹ̀."

Ìyàwó ilé ń rán aṣọ nínú yàrá, ó gbọ́. Ó jáde wá pẹ̀lú òwú lẹ́nu. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo rẹ̀! Kí ni mo fi dù yín?"

"O kò fi nǹkan kan dù mí. O mọ́ ju bí mo ṣe mọ́ lọ." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò fẹ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo fẹ́, ní ìsàlẹ̀, tí mo bá ti jókòó. Kí ẹ má sì máa bá mi nù ún. Èmi á máa nù ún fúnra mi."

Ojú ti obìnrin náà. Ó bọ́ àkísà kúrò léjìká rẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé òun kò rí i rí.

"Ó dáa, níbo?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Wọ́n mú un wọlé. Ìyá wo yíká. Ó nawọ́ sí igun tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìyà wo rèé! Igun yẹn ni ó ti gé táìsì wẹ́wẹ́, tí ó fi to òdòdó mọ́ ògiri. Gbogbo àlejò ló ń mú wá wo òdòdó náà. Àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá fọwọ́ pa á lórí nítorí rẹ̀.

Ìyá rí ojú rẹ̀. "Bí kò bá ṣeé ṣe…"

"Ó ṣeé ṣe, Ìyá." Ó lọ mú òòlù.

Ó fọ́ òdòdó rẹ̀. Ó ya kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò. Ó mọ pèpéle kékeré síbẹ̀, ní ìwọ̀n gíga tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ń dé bí ó bá jókòó, ó sì jẹ́ kí ìyá jókòó, kí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kí òun tó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa. "Gbé e sókè díẹ̀," ni ìyá ń wí. "Ó pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀. Fi í síbẹ̀." Wọ́n wá sítóòfù kékeré tó ń jókòó sílẹ̀, wọ́n kan àpótí. Igun náà kò rẹwà mọ́ rárá, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi abúlé lẹ ìlú.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá se ìṣápá. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ro ọbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ láìwo ibẹ̀. Epo kán sórí pèpéle tuntun náà. Ìyàwó ilé dìde pẹ̀lú àkísà, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà sẹ́yìn rẹ̀, ó di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì padà lọ jókòó. Ó nira fún un, má rò pé kò nira.

Bí ọbẹ̀ ti ń hó ni ìyá bá figbe ta. "Ta ló gbé iyọ̀ mi kúrò níbí? Àjàgbé! Kí lo ń wò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé àna? Bọ́ sí apá kan, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú!"

Wọn kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ọkùnrin náà bọ́ sí apá kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá mi ti dé."

Ó yá, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ báyìí.

Ìwọ náà fún bàbá rẹ ní yàrá, o fún un ní ibùsùn tó tutù, o fún un ní rédíò. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni bàbá rẹ. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kì í rí oòrùn kí ó má tíì pọ́n àdá. Níbo ló ń pọ́n ọn sí nílé rẹ? O gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀, o ní kí ó má baà gé ara rẹ̀, o fi pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Níbo ló ń tutọ́ sí, níbo ló ti lè gbin ewédú tí kò ju ebè méjì lọ, ta ló lè bú lágbàlá rẹ tí ẹ ò ní sọ pé kí ó fara balẹ̀? Ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ kò ríbi sọ̀ sí, àlejò ni, bí o bá tilẹ̀ fi tìmùtìmù tẹ́ gbogbo ilé. Àlejò a sì máa lọ sílé. Ìwà àìmoore kọ́ nìyẹn.

Dìde, máa lọ. Má yà sọ́jà, má ra ohun kan dání. Jókòó sílẹ̀ nídìí bàbá rẹ, kí o bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ fẹ́?" Bí ó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́, yóò sọ ọ́. Kí o sì múra sílẹ̀ o, torí pé ibi tí yóò nawọ́ sí lè jẹ́ ibi tí o fẹ́ràn jù nínú ilé rẹ.